Èso Kíwì àti Gúáfà Ẹ̀yìnkùlé Wa

Ní àwọn ilé ìtajà ńlá ní Èkó lónìí, a ń rí èso kékeré kan tí ó tó ẹyin adìẹ, tí irun wẹ́wẹ́ aláwọ̀ erùpẹ̀ bo èèpo rẹ̀, tí inú rẹ̀ sì ní àwọ̀ ewé tútù pẹ̀lú kóró dúdú wínníwínní. Kíwì ni orúkọ rẹ̀. Òkìkí rẹ̀ ti kàn dé Ẹgàn àti Ìgàndò, àwọn ẹlòmíràn a sì máa rà á ní owó gọbọi fún aláìsàn àti fún aboyún, nítorí wọ́n gbọ́ pé ó ń fún ara ní okun. Ó yẹ kí olúkúlùkù baálé àti ìyá ilé béèrè pé: Kí ni ó wà nínú èso yìí? Ǹjẹ́ a kò sì ní irú rẹ̀ nílé?

Ilẹ̀ Ṣáínà ni kíwì ti ṣẹ̀. Obìnrin olùkọ́ kan, Isabel Fraser, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní Wanganui ní New Zealand, lọ bẹ arábìnrin rẹ̀ wò tí ó ń ṣe iṣẹ́ míṣọ́n ní Ṣáínà. Nígbà tí ó padà dé ilé ní ọdún 1904, irúgbìn èso náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1910 ni ó sì kọ́kọ́ so ní ilẹ̀ náà. Ní ọdún 1959 ni àwọn oníṣòwò ibẹ̀ fi orúkọ kíwì, ẹyẹ ilẹ̀ wọn tí kì í fò, sọ ọ́. Ìtàkùn ni, ó sì ń fẹ́ òtútù ní apá kan ọdún kí ó tó lè tanná dáradára. Nítorí náà ilẹ̀ gbígbóná bí tiwa kò bá a mu. Láti òkèèrè ni a ti ń kó o wá, ìdí sì nìyí tí owó rẹ̀ fi ga.

Èso rere ni, kí á má ṣe bà á jẹ́. Nínú 100 gíráàmù rẹ̀, fítámì C tí ó wà níbẹ̀ tó nǹkan bí 90 mílígíráàmù, nígbà tí ti ọsàn jẹ́ nǹkan bí 50. Fítámì C ni ó ń mú kí erìgì le, kí egbò tètè jinná, kí ara sì lè gba irin inú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà láti fi ṣe ẹ̀jẹ̀. Ara ènìyàn kò lè dá a ṣe, kò sì lè tọ́jú rẹ̀ pẹ́. Jíjẹ ni a níláti máa jẹ ẹ́. Ní ọdún 1747, James Lind, dókítà nínú ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì, mú atukọ̀ 12 tí erìgì wọn ti jẹrà, tí agbára sì ti tán nínú wọn. Ó pín wọn ní méjì-méjì, ó sì fún àwọn méjì kọ̀ọ̀kan ní ohun ọ̀tọ̀. Àwọn tí ó fún ní ọsàn àti lẹ́mọ́ọ̀nù ni ara wọn kọ́kọ́ yá. Ní ọjọ́ 6 péré, ọ̀kan nínú wọn ti lè padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wí pé ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò. Ẹ wo igi gúáfà. Nínú 100 gíráàmù gúáfà, fítámì C tó nǹkan bí 220 mílígíráàmù: ó ju ìlọ́po méjì ti kíwì lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka 45 mílígíráàmù sí èyí tí ó tó àgbàlagbà fún ọjọ́ kan. Gúáfà kékeré kan ṣoṣo tó bẹ́ẹ̀, ó sì ṣẹ́kù. Bí kíwì ti ń mú kí ìgbẹ́ rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni gúáfà ń ṣe. Èròjà inú kíwì tí ń mú kí ẹran tètè dà nínú ikùn, ìbẹ́pẹ ní irú rẹ̀; ohun tí àwọn ìyá wa mọ̀ nìyẹn nígbà tí wọ́n ń fi ewé ìbẹ́pẹ di ẹran líle kí wọ́n tó sè é.

Síbẹ̀ ojú kékeré ni a fi ń wo gúáfà, bí ẹni pé oúnjẹ ẹyẹ àti ọmọdé ni. Ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́, níbi tí oko ti di ilé, igi eléso púpọ̀ ti wó nítorí ìpìlẹ̀. Ẹni tí ó gé e a sì máa lọ fi owó ra èso ní ọjà Ìkòtún. Aboyún àti ọmọ kékeré ni ó ń jìyà jù, nítorí àwọn ni àìtó ẹ̀jẹ̀ tètè ń bá. Ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà tí a ń sè fún wọn ní irin, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ara ń rí gbà nínú rẹ̀ bí fítámì C kò bá bá a rìn. Iná a sì máa ba ti inú ẹ̀fọ́ jẹ́. Èso tútù ni yóò dí àlàfo náà.

Nítorí náà, ẹ gba ìmọ̀ràn wọ̀nyí:

Èkíní, ẹ jẹ gúáfà pẹ̀lú oúnjẹ tàbí kété lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi omi mímọ́ fọ̀ ọ́, ẹ má sì bó o, nítorí ẹ̀bá èèpo ni fítámì C pọ̀ sí jù.

Èkejì, ẹ má ṣe mu tíì mọ́ oúnjẹ, nítorí ó ń dí irin lọ́wọ́ láti wọ inú ara.

Ẹ̀kẹta, ẹ ṣa èyí tí ó bá jábọ́ lójoojúmọ́, kí ẹ sì rì í mọ́lẹ̀ jìn, kí eṣinṣin tí ń sọ ìdin sínú èso má baà pọ̀ sí i.

Ẹ̀kẹrin, ẹ gbin ó kéré tán igi kan sí ilé kọ̀ọ̀kan, ní ibi tí oòrùn ń dé. Bí ẹ bá gbin ju ẹyọ kan lọ, ẹ jẹ́ kí àárín wọn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 18. Láàárín ọdún 3 sí 4, èyí tí a fi kóró gbìn yóò máa so.

Ẹ̀karùn-ún, ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, ọmú ìyá nìkan ni tirẹ̀. Fún ọmọ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí jẹun, ẹ gún gúáfà pípọ́n, kí ẹ sì sẹ́ kóró rẹ̀ kúrò. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn, tàbí tí ó ní àtọ̀gbẹ, kí ó béèrè iye tí ó lè jẹ lọ́wọ́ dókítà rẹ̀. Ẹni tí kíwì bá sì ń yún lẹ́nu, kí ó fi í sílẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe fi èso rọ́pò ìtọ́jú. Aboyún tàbí ọmọ tí inú ìpéǹpéjú àti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bá funfun, tí àárẹ̀ sì ń mú un láìṣiṣẹ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ tètè gbé e lọ. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Ìgàndò nítòsí wa. Ẹni tí ó bá ní owó kíwì lè rà á, kò ṣe ohun búburú. Ṣùgbọ́n kí gúáfà má ṣe máa jẹrà lábẹ́ igi nínú ilé tí ẹ̀jẹ̀ ọmọ kò tó.