Ìbànújẹ́ Nìkan Kọ́: Lórí Ìtumọ̀ Depression Láàrin Àwọn Ọ̀dọ́

Ọ̀pọ̀ atúmọ̀-èdè a máa pe depression ní 'ìbànújẹ́'. Ìtumọ̀ yìí kò tó. Ìbànújẹ́ a máa fúyẹ́ bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́. Àìsàn yìí a máa tó ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a sì máa ba oorun, oúnjẹ àti ìfẹ́ iṣẹ́ jẹ́.

Bí a bá bi ọ̀dọ́ kan ní Ìsàlẹ̀ Òsì, ní Ìbàdàn, bóyá inú rẹ̀ bàjẹ́, ó lè ní rárá, kí ó sì wí pé orí òun ń gbóná, ayé sú òun. Ní 1960, Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ, ṣe àkọsílẹ̀ irú rẹ̀ láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà: orí ń ta wọ́n, ìwé kò sì wọ̀ wọ́n lórí mọ́.

Nítorí náà, a dábàá 'àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn'. Ọ̀rọ̀ náà 'àìsàn' ni ó fi hàn pé ìtọ́jú yẹ. 'Ìdàrúdàpọ̀ ìdánimọ̀', tí Erik Erikson ṣàlàyé ní 1968, kì í ṣe àìsàn fúnra rẹ̀: ọ̀dọ́ ń wá irú ẹni tí òun jẹ́ àti ète ayé rẹ̀ ni.

Olùkọ́ tí ó bá ya àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sọ́tọ̀ yóò mọ ẹni tí ìmọ̀ràn tó fún, àti ẹni tí ó yẹ kí ó tètè dé ilé ìwòsàn.