Ọ̀fìnkìn Ńlá àti Òtútù Àyà: Abẹ́rẹ́ Méjì Ni, Kì í Ṣe Ọ̀kan

Ìyá kan kọ̀wé sí mi láti Màlété, nítòsí Ìlọrin. Ó ní ọmọ òun ọkùnrin, ọ̀dọ́langba, ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ó wá béèrè pé bí àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn bá tún dé, ṣé abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀fìnkìn nìkan tó fún un? Ìyá wa, kò tó. Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé.

Ní oṣù September 1918, ọkọ̀ ojú omi gbé ọ̀fìnkìn burúkú kan wọ Èkó. Àwọn àgbà pè é ní lúkúlúkú. Ọ̀nà rélùwéè, tí ó ti dé Ìlọrin láti 1908, wà lára ọ̀nà tí ó gbà wọ àárín ilẹ̀. Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2008 fi hàn pé òtútù àyà tí ó tẹ̀lé ọ̀fìnkìn náà ni ó pa èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó kú. Nígbà tí ọ̀fìnkìn mìíràn kárí ayé ní 2009, wọ́n yẹ ẹ̀dọ̀fóró òkú 77 wò ní Amẹ́ríkà. Wọ́n bá kòkòrò mìíràn lára 22 nínú wọn. Ti 10 jẹ́ pneumococcus, kòkòrò tí ó sábà máa ń fa òtútù àyà.

Kòkòrò yìí lè wà ní imú ẹni tí ara rẹ̀ le, kí ó má ṣe é ní nǹkan. Ṣùgbọ́n ọ̀fìnkìn a máa ba ọ̀nà èémí jẹ́, kòkòrò náà yóò sì rí àyè sọ̀kalẹ̀ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ọ̀fìnkìn ni ó já ilẹ̀kùn. Òtútù àyà ni ó wọlé kó ẹrù.

Àwọn tí ó yẹ kí ó ṣọ́ra jù ni ẹni tí ó ní fòníkú-fọ̀ladìde, kòkòrò HIV, àtọ̀gbẹ tàbí àrùn kíndìnrín, ẹni tí ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ, àti àwọn arúgbó.

Ẹ má bẹ̀rù abẹ́rẹ́ òtútù àyà. Kò sí kòkòrò alààyè nínú rẹ̀, nítorí náà kò lè fa àrùn náà. Kì í dènà gbogbo irú òtútù àyà, ṣùgbọ́n ó ń dín ewu rẹ̀ kù. Ara a máa lo bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí ó tó gba agbára rẹ̀, nítorí náà ẹ má dúró di ìgbà tí àjàkálẹ̀ bá dé.

Láti 2014 ni Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ọwọ́ ní abẹ́rẹ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́, ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Ẹni tí ó ti dàgbà ní láti béèrè lọ́wọ́ dókítà tí ń tọ́jú rẹ̀, kí ó sì sọ irú àìsàn tí ó ní, nítorí irú abẹ́rẹ́ náà ju ọ̀kan lọ.

Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí mo dárúkọ yìí bá ní ibà, tí ó ń wúkọ́, tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ tàbí tí àyà ń dùn ún, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má ṣe fi àgbo dá a dúró di ọ̀la.