Kí ni iye pátẹ́ǹtì ń sọ nípa ọgbọ́n àtinúdá orílẹ̀-èdè?

Pátẹ́ǹtì ni ìwé ẹ̀tọ́ tí ìjọba ń fún ẹni tó ṣe ohun tuntun jáde, kí ẹlòmíràn má baà máa ṣe é tà láìgba àṣẹ. Iye rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń kà láti fi díwọ̀n ọgbọ́n orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń kà gan-an?

Lábẹ́ òfin Nàìjíríà ti ọdún 1970, bí ìwé ìbéèrè bá ti pé, tí owó sì ti wọlé, wọ́n yóò fún ènìyàn ní pátẹ́ǹtì láìwádìí bóyá ohun náà jẹ́ tuntun lóòótọ́. Òfin náà gan-an sọ pé ìjọba kò fọwọ́ sọ̀yà fún un. Ní Benin àti Togo ńkọ́? Àjọ OAPI, tó wà ní Yaoundé, ló ń fún wọn. Ìwé kan ṣoṣo ń ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè 17, ìbáà jẹ́ ilé iṣẹ́ Yúróòpù tí kò dé Kútọnu rí ló ni ín.

Ẹ wá wo Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní Jigawa. Ó ki ìkòkò kan bọ inú òmíràn, ó kó yanrìn tó rin fún omi sáàárín wọn. Bí omi náà ti ń gbẹ, ó ń gbé ooru lọ. Tòmátì ń lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú rẹ̀. Ó gba ẹ̀bùn Rolex ní 2000. Ìkòkò tí ń mú omi tutù ti wà láti ayébáyé, òfin pátẹ́ǹtì sì ń béèrè ohun tuntun. Ẹni tó bá ń ka pátẹ́ǹtì nìkan kò lè mọ iye àgbẹ̀ tí irè oko wọn kò rà mọ́.