Ìjì Orí Oòrùn: Ohun tí Ó Lè Ṣe àti Ohun tí Kò Lè Ṣe

Láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni ìkìlọ̀ kan ti ń ti orí tẹlifóònù ẹnìkan bọ́ sí orí ti ẹlòmíràn. Ìkìlọ̀ náà sọ pé láti agogo méjìlá ààbọ̀ òru títí di agogo mẹ́ta ààbọ̀, ìtànṣán kan tí ó léwu yóò kọjá lẹ́bàá ayé, àti pé kí olúkúlùkù pa tẹlifóònù rẹ̀ kí ó sì gbé e jìnnà sí ara, kí ó má baà ṣe é léṣe. Wọn a ní iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán kan ní ìlú Singapore ni ó kéde ọ̀rọ̀ náà. Ìkìlọ̀ yìí kì í dá ọjọ́. "Alẹ́ òní" ni ó máa ń wí, ọdún yòówù tí ó bá dé ọwọ́ ènìyàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sì ti gbà á gbọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òótọ́. Ṣùgbọ́n bí irọ́ ti rí nìyẹn: a máa fẹ́ láti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ òtítọ́, kí àwọn ènìyàn lè rò pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Òtítọ́ tí irọ́ yìí jókòó tì ni pé ìjì a máa jà lórí oòrùn, agbára ìjì náà a sì máa dé ọ̀dọ̀ wa láyé. Ó ti pa iná mànàmáná mọ́ mílíọ̀nù ènìyàn lójú rí. Ó ti pa rédíò lẹ́nu mọ́ rí. Nítorí náà ó yẹ kí tọmọdé tàgbà mọ ohun tí ìjì yìí jẹ́, kí a lè mọ èyí tí ó yẹ kí a múra sílẹ̀ fún, àti èyí tí kò yẹ kí a tìtorí rẹ̀ pàdánù oorun.

BÍ OÒRÙN TI RÍ

Oòrùn jìnnà sí ayé tó 150 mílíọ̀nù kìlómítà. Síbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í lò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 8 lé díẹ̀ lọ lọ́nà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí a bá lè sín ayé bí ẹni sín ìlẹ̀kẹ̀, nǹkan bí 109 ayé ni a ó tò kí a tó ti etí oòrùn kan dé èkejì. Kì í ṣe òkúta, kì í sì í ṣe igi tí ń jó bí igi inú ààrò. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ni gbogbo rẹ̀, tí ń ru sókè tí ó sì ń rọ̀ sílẹ̀ bí ẹ̀kọ tí ń hó nínú ìkòkò. Ojú rẹ̀ gbóná tó ìwọ̀n 5,500 Sẹ́ńtígíréèdì, bẹ́ẹ̀ ni omi tí ń hó lórí iná wa kò ju ìwọ̀n 100 lọ.

Nínú ríru yìí ni agbára òòfà ti ń wá, irú agbára tí irin òòfà fi ń fa abẹ́rẹ́ mọ́ra. Níbi tí agbára yìí bá kó jọ sí lójú oòrùn, kì í jẹ́ kí ooru inú lọ́hùn-ún rí àyè jáde dáadáa. Ibẹ̀ a wá tutù ju àyíká rẹ̀ lọ, a sì ṣókùnkùn bí àpá lára. Àpá kan ṣoṣo lè tóbi ju gbogbo ayé lọ. Heinrich Schwabe, ará Jámánì kan tí ó ń ta oògùn tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn àpá yìí ní ọdún 1826. Lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínlógún tí ó ti ń kà wọ́n, ó rí i pé wọn a máa pọ̀, wọn a sì tún máa dínkù, bí ìgbà òjò àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lónìí a mọ̀ pé nǹkan bí ọdún 11 ni ìyípo kan ń gbà. Ní àkókò tí àpá bá pọ̀ lójú oòrùn ni ìjì a máa wọ́pọ̀ níbẹ̀.

OHUN TÍ ÌJÌ NÁÀ JẸ́

Bí a bá ń lọ́ okùn títí tí a kò dáwọ́ dúró, dandan ni kí ó já. Bẹ́ẹ̀ ni agbára òòfà orí oòrùn ṣe ń lọ́ mọ́ ara rẹ̀ títí yóò fi já lójijì. Nígbà tí ó bá já, ohun mẹ́ta ni ó máa ń tú jáde. Èkíní ni ìtànṣán, tí ó ń bá ìmọ́lẹ̀ rìn, tí ó sì ń dé ayé lẹ́yìn ìṣẹ́jú 8. Èkejì ni àwọn ẹ̀rún tíntìntín tí ojú kò lè rí, tí eré wọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn mìíràn fi ń dé kí wákàtí kan tó pé. Ẹ̀kẹta ni ìkùukùu ńlá kan tí ó gbé agbára òòfà tirẹ̀ lọ́wọ́. Òun ni ó ń pẹ́ jù lọ́nà, a máa gbà tó ọjọ́ kan sí ọjọ́ mẹ́ta. Ó dàbí ìgbà tí òjò bá ṣú: mànàmáná ni a ń kọ́ rí, àrá a tẹ̀lé e, òjò gan-an a sì dé gbẹ̀yìn.

Kì í ṣe gbogbo ìjì ni ó ń kọjú sí wa. Ní ọjọ́ 23 oṣù Keje ọdún 2012, ìkùukùu ńlá kan tú jáde láti ara oòrùn, ṣùgbọ́n ibi tí ayé kò sí ni ó gbà kọjá. Sátẹ́láìtì kan tí ó wà lójú ọ̀nà rẹ̀ ni ó jẹ́ kí a mọ bí ó ti lágbára tó.

Àwa tí a wà láyé kò sì wà láìní asà. Asà wa jẹ́ méjì. Ayé fúnra rẹ̀ jẹ́ òòfà ńlá. Òun ni ó ń yí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ atọ́nà àwọn atukọ̀ sí ìhà àríwá, òun náà ni ó sì ń darí púpọ̀ nínú ẹ̀rún oòrùn gba ẹ̀gbẹ́ kan. Asà kejì ni afẹ́fẹ́ tí ó yí wa ká, tí kì í jẹ́ kí ìtànṣán tí ó léwu dé ilẹ̀. Nítorí náà ìjì oòrùn kì í pa ẹni tí ó wà lóko tàbí lọ́jà lára. Nígbà tí ìkùukùu bá kọlu asà òòfà yìí, asà náà a mì tìtì, afẹ́fẹ́ òkè lọ́hùn-ún ní ìhà òpin ayé ní àríwá àti ní gúúsù a sì máa tàn ní àwọ̀ ewé, àwọ̀ pupa àti àwọ̀ àlùkò, bí aṣọ tí a ta sójú ọ̀run.

ÀWỌN ÈYÍ TÍ Ó TI ṢẸLẸ̀ RÍ

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1859, Richard Carrington, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń ya àwòrán àwọn àpá ojú oòrùn ní Redhill, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ funfun kan ṣàdédé bú yọ láàrin wọn, tí ó sì pòórá lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Ará Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, Richard Hodgson, rí ohun kan náà láti ibòmíràn. Kò tó wákàtí méjìdínlógún lẹ́yìn náà tí ìjì fi dé ayé. Àwọn ènìyàn rí ìmọ́lẹ̀ aláràbarà lójú ọ̀run títí dé erékùṣù Kúbà. Iná ń ta pàràpàrà lára ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ wáyà. Àwọn òṣìṣẹ́ wáyà ní Boston àti Portland ní Amẹ́ríkà yọ bátìrì wọn kúrò, wọ́n sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí wákàtí méjì pẹ̀lú agbára tí ìjì nìkan fi sínú wáyà wọn.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1972, nígbà ogun Fẹtnám, ọ̀pọ̀ àdó olóró tí àwọn ará Amẹ́ríkà rì sínú òkun lẹ́bàá Hon La bú gbàù fúnra wọn. Òòfà ọkọ̀ ojú omi ni ó yẹ kí ó tanná ràn wọ́n; òòfà ìjì oòrùn ni ó ṣe é. Láàrin ìrìn àjò méjì sí inú òṣùpá ni ìjì yìí bọ́ sí. Bí ó bá bá ènìyàn lórí òṣùpá, níbi tí kò sí asà kankan, ewu ńlá ni ì bá jẹ́.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 1989, ìjì mìíràn kọlu ayé. Ní Quebec ní ilẹ̀ Kánádà, kò pé ìṣẹ́jú méjì tí gbogbo iná mànàmáná agbègbè náà fi kú. Ènìyàn mílíọ̀nù mẹ́fà ni ó wà nínú òkùnkùn àti òtútù fún wákàtí 9.

Èyí tí ó sún mọ́ wa jù ni ti ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún ọdún 2024. Láti ọdún 2003 ni irú rẹ̀ kò ti ṣẹlẹ̀ mọ́. Àkókò tí àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà ń gbin àgbàdo ni ó bọ́ sí. Katakata wọn a máa gba ìtọ́sọ́nà láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì kí poro lè tọ́. Nígbà tí ìjì dé, ìtọ́sọ́nà náà dàrú, àwọn mìíràn sì ní láti dáwọ́ ìgbìn dúró.

ÌDÍ TÍ WÁYÀ FI Ń KÁN

Ẹnìkan lè béèrè pé: bí ìjì yìí kò bá lè pa ènìyàn lára, báwo ni ó ṣe ń pa iná? Ìdáhùn ni pé nígbà tí òòfà ayé bá ń mì, a máa ti agbára mànàmáná sínú ohunkóhun tí ó jẹ́ irin tí ó sì gùn. Bí wáyà bá ti gùn tó ni agbára tí yóò wọ inú rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Wáyà iná tí ó rin ọgọ́rùn-ún kìlómítà lè gbà tó èyí tí yóò mú tiransífọ́mà ńlá gbóná títí yóò fi bàjẹ́. Tiransífọ́mà ńlá kì í ṣe ohun tí a ń rí rà lọ́jà lọ́jọ́ kan. Ó lè gbà ju ọdún kan lọ kí òmíràn tó dé. Lójú wọn ni iná ilé ìwòsàn, omi ẹ̀rọ àti owó ilé ìfowópamọ́ wà.

Ohun kan náà yìí ni ó fi irọ́ ìkìlọ̀ tí a sọ lókè hàn. Wáyà inú tẹlifóònù kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Ìjì oòrùn kò rí ohun tí ó lè dì mú nínú rẹ̀. Bí ó tàn tàbí ó kú, bí ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí tàbí lórí tábìlì, ọ̀kan náà ni.

NÍ ÌHÀ Ọ̀DỌ̀ TIWA

Ìlú tí ó sún mọ́ òpin ayé ní àríwá àti gúúsù ni ìyà yìí ń jẹ jù. Ewu tí ó wà fún wáyà iná wa kéré sí tiwọn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ wa ní ọ̀ràn tirẹ̀. Ìlà tí ó pín òòfà ayé sí méjì gba ìhà àríwá Nàìjíríà kọjá. Lọ́sàn-án, odò agbára mànàmáná kan a máa ṣàn lójú òfurufú lókè ìlà yìí, ní gíga tí ó lé ní 100 kìlómítà. Láàrin àwọn ọdún 1950 sí 1959 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ ṣọ́ òfurufú yìí ní Yunifásítì Ìbàdàn, Ìbàdàn sì kópa nínú ìwádìí tí gbogbo ayé pawọ́pọ̀ ṣe ní ọdún 1957 sí 1958. Níbẹ̀ ni Cyril Agodi Onwumechili, ẹni tí ó di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ifẹ̀ lẹ́yìn náà, ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa odò agbára yìí, tí orúkọ rẹ̀ sì fi di mímọ̀ láàrin àwọn onímọ̀.

Lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, afẹ́fẹ́ òkè yẹn a máa ru bí ọṣẹ tí ń hó, ọ̀rọ̀ tí ń ti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì bọ̀ a sì máa gbọ̀n bí ó ti ń la inú rẹ̀ kọjá. Ìjì oòrùn lè mú gbígbọ̀n yìí burú sí i. Ó kan awakọ̀ òfurufú. Ó sì kan ẹni tí ń fi ẹ̀rọ sátẹ́láìtì wọn ilẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wọn ààlà láàrin ẹbí méjì gbọdọ̀ tún un wọ̀n ní ọjọ́ mìíràn bí ó bá gbọ́ pé ìjì wà.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

Sátẹ́láìtì wà ní 1.5 mílíọ̀nù kìlómítà sí wa ní ìhà oòrùn, tí ń ṣọ́ ọ̀nà bí ọdẹ. Bí ìkùukùu bá kọjá lára rẹ̀, ó lè kéde fún wa ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 sí wákàtí kan ṣáájú kí ó tó dé. Ní ilẹ̀ wa, àwọn onímọ̀ tí ń ṣèwádìí òfurufú wà ní Anyigba ní Ìpínlẹ̀ Kogí.

Ẹni tí ń gbọ́ ìròyìn láti òkèèrè lórí rédíò lè rí i pé ohùn rẹ̀ pòórá lójijì lọ́sàn-án. Kí ó má tètè tú u palẹ̀. Ó lè jẹ́ ìjì oòrùn, tí yóò sì padà láàrin wákàtí kan tàbí méjì. Rédíò tí ń ti ìtòsí bọ̀ kì í sábà rí ìyọnu yìí. Ilé ìwòsàn tí ó ní abẹ́rẹ́ àjẹsára nínú ẹ̀rọ amómitutù kò gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé iná ìjọba nìkan, nítorí ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ọmọdé tẹjú mọ́ oòrùn láti wá àpá ojú rẹ̀: oòrùn ń fọ́ ojú lọ́jọ́ tí ìjì wà àti lọ́jọ́ tí kò sí.

Bí ìkìlọ̀ òru yẹn bá tún dé, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun mẹ́ta: ta ni ó sọ ọ́, ọjọ́ wo ni ó sọ ọ́, iléeṣẹ́ ìjọba wo ni ó kéde rẹ̀? Bí kò bá sí ìdáhùn, kí ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Kí ẹni tí ó mọ̀wé kà á sí etígbọ̀ọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà, kí gbogbo ilé sì sùn ní àlàáfíà.