Ta Ni Adójútòfò Ń San Owó Oògùn Ìdínsanra Fún?

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ètò adójútòfò ìlera àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ North Carolina, ní Amẹ́ríkà, jáwọ́ nínú sísan owó Wegovy fún ẹni tó fẹ́ fi dín sísanra kù. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni, tó ń pa ebi lẹ́nu. Wọ́n ní owó rẹ̀ ti ga jù. Àwọn tíṣà wà lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó kàn. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ, Medicaid ìpínlẹ̀ yìí kan náà, ìyẹn adójútòfò ìlera tí ìjọba ṣe fún àwọn tí kò rí já jẹ, bẹ̀rẹ̀ sí í san án. Bó ṣe bọ́ lọ́wọ́ tíṣà nìyẹn, tí ẹni tó ń fọ abọ́ nílé oúnjẹ sì lè rí i gbà pẹ̀lú dọ́là díẹ̀ nígbà náà.

Medicaid ti wà láti ọdún 1965. Ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ ló jọ ń gbé ìnáwó rẹ̀, owó tó ń wọlé fún èèyàn ni wọ́n sì máa ń wò kí wọ́n tó gbà á. Ní àwọn ìpínlẹ̀ tó ti fẹ ètò náà lójú, owó tó ń wọlé fún àgbàlagbà tó ń dá gbé kò gbọ́dọ̀ ju nǹkan bí 20,800 dọ́là lọ lọ́dún, ní ìṣirò ọdún 2024. Texas, níbi tí ọ̀pọ̀ Yorùbá wà ní Houston, kò fẹ̀ ẹ́. Níbẹ̀, àgbàlagbà tí kò lọ́mọ, tí kò sì lábùkù ara, ilẹ̀kùn ti mọ́ ọn bó ti wù kó tòṣì tó.

Wíwọlé gan-an kò tíì tó. Òfin ní kí Medicaid san owó ọ̀pọ̀ jù lọ oògùn, àmọ́ ó fi ti ìdínsanra sílẹ̀ fún ìpínlẹ̀ tó bá wù. Ìpínlẹ̀ 13 péré ló ń san án ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024. California wà nínú wọn. Ó jáwọ́ ní oṣù Kìíní ọdún 2026.

Ti Medicare, ètò adójútòfò ìjọba tó wà fún àwọn àgbà ní pàtàkì, le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin ọdún 2003 yọ oògùn ìdínsanra kúrò pátápátá. Àmọ́ láti oṣù Kẹta ọdún 2024, ẹni tó sanra tó sì ní àrùn ọkàn lè rí Wegovy gbà. Ozempic, tí èròjà inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti Wegovy, kò ní wàhálà bẹ́ẹ̀ bí dókítà bá kọ ọ́ fún àtọ̀gbẹ. Lójú tèmi, ìwà òǹrorò ni: kí aláìsàn dúró kí sísanra kọ́kọ́ bí àrùn mìíràn.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí há mọ́ láàárín jù ni ẹni tí owó rẹ̀ ré kọjá ti Medicaid díẹ̀. Ètò adójútòfò tó ń fowó ara rẹ̀ rà ní Obamacare, ọjà adójútòfò tí ìjọba ṣètò, kì í sábà san án. Láàárín ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 5,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń san án ní 2025. Ní 2025, àwọn tó ń ṣe Wegovy ní ẹni tó bá fẹ́ dá owó rẹ̀ san lè rà á ní 499 dọ́là lóṣù. Fún ẹni tó ń gba 25,000 dọ́là lọ́dún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin owó oṣù rẹ̀.