Aràn Pẹlẹbẹ àti Ìtọ̀ Ẹlẹ́jẹ̀

Púpọ̀ nínú àwa tí a kọ́ ẹ̀kọ́ bàọ́lọ́jì kọ́ orúkọ náà Platyhelminthes sórí, a kọ ọ́ sínú ìdánwò, a sì fi sílẹ̀ síbẹ̀. Ìdílé àwọn aràn pẹlẹbẹ ni orúkọ náà. Irú wọn tí àwọn onímọ̀ ti kà lé ní 20,000. Ó tọ́ kí àwa òbí padà sí ẹ̀kọ́ náà, nítorí ọ̀kan nínú wọn ń ba ara àwọn ọmọ wa jẹ́.

Ara wọn kò ṣàdéédéé rí pẹlẹbẹ. Wọn kò ní ẹ̀dọ̀fóró, wọn kò ní ọkàn, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn nínú wọn. Awọ ara ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Bí wọ́n bá nípọn, kò ní dé inú lọ́hùn-ún.

Ìgbé ayé wọn kò dọ́gba. Planaria ń gbé lábẹ́ òkúta nínú odò, kì í sì í pa ènìyàn lára. Bí a bá gé e sí méjì, apá orí yóò hu ìrù, apá ìrù yóò sì hu orí. Irú èyí tí ń ti ara ẹran màlúù tí kò jinná wọ inú ènìyàn kò ní ẹnu, kò sì ní ìfun. Inú ìfun wa ni ó ń gbé, awọ ara rẹ̀ ni ó sì fi ń fa oúnjẹ tí a ti jẹ.

Èyí tí ó kàn wá jù ni Schistosoma haematobium. Theodor Bilharz, dókítà ará Jámánì, ni ó rí i ní ìlú Cairo ní ọdún 1851. Akọ àti abo rẹ̀ jọ ń gbé nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó yí àpò ìtọ̀ ká. Ẹyin wọn a máa gún àpò náà, a sì bá ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ jáde. Bí ìtọ̀ náà bá bọ́ sínú omi, ẹyin a pa, ọmọ rẹ̀ a wọ inú ìgbín omi kékeré kan, a sì pọ̀ sí i níbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọn a jáde, wọn a sì gba awọ ara wọ inú ọmọ tí ń lúwẹ̀ẹ́ tàbí tí ń fọ aṣọ. Ní àwọn abúlé tí ó wà létí ìsédò Ọ̀yán ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, àwọn olùwádìí ti bá àrùn yìí lára ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé.

Àtọ̀sí ajá ni àwọn baba wa pè é, orúkọ náà sì ti di ọ̀pọ̀ ọmọ lẹ́nu. Ọmọ tí ń tọ ẹ̀jẹ̀ a rò pé wọn yóò fi ẹ̀sùn ìṣekúṣe kan òun, a sì dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó yé wa pé omi ni ó ti kó o. Bí a bá fi í sílẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ó lè ba kíndìnrín jẹ́, ó sì lè fa jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀. Nínú obìnrin, ó lè ba ojú ara jẹ́.

Oògùn rẹ̀ wà: praziquantel, tí a ń wọn ní ìwọ̀n bí ara ọmọ ti wúwo tó. Ṣùgbọ́n kò dènà kí ọmọ tún kó o bí ó bá padà sínú odò kan náà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tọ̀ sínú odò, kí a sì se omi odò tàbí kí a gbé e kalẹ̀ fún ọjọ́ méjì kí a tó fi wẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ fi sùúrù bi ọmọ yín léèrè bí ìtọ̀ rẹ̀ ti rí. Bí ó bá pupa, ẹ má bá a wí. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn.