Máíkì Aláìlókùn ní Niger Street: Kí Ọ̀rọ̀ Àgbà Má Baà Já Sílẹ̀

Bí baba àgbà kan bá dìde níbi ìkómọ ní Niger Street, ní Sabon Gari ìlú Kánò, tí ó gbé máíkì aláìlókùn sẹ́nu, tí ó sì wí pé, "Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a rí àgbákò," gbogbo ilé ni yóò ṣe àmín. Ṣùgbọ́n bí ohùn bá já díẹ̀, tí ó sì jẹ́ ọ̀rọ̀ kékeré nì, "má", ni ẹ̀rọ gbé mì, kí ni àwọn tí ó jókòó lábẹ́ àtíbàbà lóde yóò gbọ́? Wọn yóò gbọ́ pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí a rí àgbákò. Ta ni yóò ṣe àmín sí irú àdúrà bẹ́ẹ̀? Èdè Yorùbá kò gba kí ọ̀rọ̀ kan bọ́ sọnù.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn kì í ṣe tuntun ní Kánò. Lẹ́yìn tí ojú irin dé ìlú náà ní ọdún 1911 ni Sabon Gari, tí ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Hausa jẹ́ "ìlú tuntun", di ibùgbé àwọn akọ̀wé àti oníṣòwò tí ó ti Gúúsù wá. Ní ọdún 1944, rédíò olókùn wọ Kánò. Wáyà ni ó ń gbé ohùn wọ inú ilé, olùgbọ́ kò sì lè fèsì. Ìdí nìyí tí àwọn Yorùbá fi sọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ní ọdún 1953, ilé-iṣẹ́ Shure ti Amẹ́ríkà gbé máíkì aláìlókùn kan jáde, wọ́n pè é ní Vagabond. Lónìí, irú máíkì bẹ́ẹ̀ ti di ohun tí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú àti olórin ń lò.

ÀYÈ LÓJÚ ÒFURUFÚ

Ilé-iṣẹ́ rédíò kékeré ni máíkì aláìlókùn. Ó ń rán ohùn jáde, àpótí kan tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ míksà sì ń gbà á. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ wà lójú ọ̀nà kan náà. Níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì, hòtẹ́ẹ̀lì àti ibi àríyá ti fara kínra, ẹni tí kò bá yẹ ọ̀nà wò lè gbọ́ ìwàásù aládùúgbò nínú sípíkà ijó tirẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹni tí ń to ẹ̀rọ kọ́kọ́ tan àpótí náà, kí ó má tíì tan máíkì. Bí iná àpótí bá fi hàn pé ohùn ń wọlé, ẹlòmíràn ti wà lójú ọ̀nà yẹn. Kí ó yí sí òmíràn. Bí máíkì bá ju méjì lọ, kí ó má ṣe fi àlàfo kan náà sí àárín gbogbo wọn. Bí ọ̀kan bá wà ní 520 mẹ́gáhẹ́ẹ̀tìsì, tí èkejì wà ní 521, àwọn méjèèjì lè jọ bí ariwo sí 519 àti 522. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀kẹta sí 522 ti fà á sínú ìjà.

Kí ẹni tí ń ra àlòkù máíkì ka nọ́ńbà ara rẹ̀ dáadáa. Ní ìpàdé àgbáyé tí ó wáyé ní Geneva ní ọdún 2015, wọ́n yọ̀ǹda 694 títí dé 790 mẹ́gáhẹ́ẹ̀tìsì fún tẹlifóònù alágbèéká ní Áfíríkà àti Yúróòpù. Máíkì tí ó bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lè bá tẹlifóònù figa gbága.

ÈRÍÁLÌ ÀTI ỌWỌ́

Omi ni ó pọ̀ jù nínú ara ènìyàn, omi a sì máa fa ìgbì rédíò mu. Bí èrò bá dúró sáàárín máíkì àti àpótí, ohùn yóò máa já. Kí wọ́n gbé àpótí ga ju orí èrò lọ, kí ó jìnnà sí irin àti páànù, kí èríálì rẹ̀ méjèèjì sì ya ara wọn bí ẹ̀ka igi. Bí ọ̀kan kò bá gbọ́ dáadáa, èkejì yóò gbọ́.

Ẹni tí ó mú máíkì lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ bo ìdí rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni èríálì sábà máa ń wà. Kò sì gbọdọ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ bo orí rẹ̀, nítorí pé híhan ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í han. Kí bátìrì tuntun wọlé kí ètò tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, eruku Kánò a máa dí ojú máíkì. Kí wọ́n máa tú irin orí rẹ̀, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí ó sì gbẹ dáadáa kí wọ́n tó dá a padà.

KÍ OLÓRIN GBỌ́ ARA RẸ̀

Mọ́nítọ̀ ni sípíkà tí ó kọjú sí olórin, kí ó lè gbọ́ ara rẹ̀ àti onígángan. Ẹ̀yìn máíkì, níbi tí kì í gbọ́ tó bẹ́ẹ̀, ni kí wọ́n gbé e sí. Bí ohùn bá jáde nínú sípíkà, tí ó tún padà wọ inú máíkì, ẹ̀rọ yóò máa pariwo fúnra rẹ̀.

Mọ́nítọ̀ aláìlókùn tí a ń kì bọ etí gba ènìyàn lọ́wọ́ ariwo yìí. Kí èríálì tí ń rán ohùn sí i jìnnà sí àpótí tí ń gba ohùn máíkì. Ṣùgbọ́n etí kò ní àlòkù lọ́jà. Àwọn onímọ̀ ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà fi wákàtí 8 sí ohùn tí ó jẹ́ dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 85; bí ó bá di 88, ó di wákàtí 4; bí ó bá di 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni. Kí olórin lo etí méjèèjì, nítorí pé ẹni tí ó bá yọ ọ̀kan yóò máa fi kún èkejì.

Ohun tí ó kù kò sí lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Bí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti onílé àríyá ní àdúgbò bá jọ kọ nọ́ńbà ọ̀nà máíkì wọn sílẹ̀, tí wọ́n sì pín in láàárín ara wọn, ìjà orí afẹ́fẹ́ yóò dínkù, ìbáà jẹ́ Yorùbá, Ìgbò tàbí Hausa ni aládùúgbò. Ẹyin lohùn, bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Kí wọ́n tọ́jú ẹ̀rọ tí ó gbé e lọ́wọ́.